Màmá òyìnbó tó kó ìkòkò jọ ní Jos, àti ìtàn ilé wa tó wà lẹ́nu àwọn àgbà

  Ọ̀rọ̀ ìtàn la gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ kà á sétí àwọn màmá àti bàbá tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, torí àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọjá níwájú mùsíọ́mù Jos láìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ wa ti bá ilé ìwé wọn lọ síbẹ̀, wọ́n wo ọ̀bọ àti kìnnìún ní ọgbà ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n padà sílé. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú mùsíọ́mù gan-an, wọ́n á ní, "Ìkòkò ni." Òótọ́ sì ni. Ìkòkò amọ̀ lóríṣiríṣi wà níbẹ̀, ti ẹ̀yà kan ò jọ ti ẹ̀yà kejì. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa kì í bi ni pé: ta ló kó wọn jọ? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ kì í ṣe géńdé tó lágbára. Obìnrin arúgbó kan ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, opó, òǹkọ̀wé. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún kó tó dáwọ́ lé e.

Orúkọ rẹ̀ ni Sylvia Leith-Ross. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i. Ní 1907 ó bá ọkọ rẹ̀, Arthur Leith-Ross, wá sí Zungeru, tó jẹ́ olú ìlú Àríwá Nàìjíríà nígbà yẹn. (Zungeru yìí náà ni wọ́n ti bí Nnamdi Azikiwe ní 1904.) Iṣẹ́ ìkẹ́rù ìjọba ni ọkọ rẹ̀ ń bójú tó. Ní 1908, ibà líle kan tó máa ń sọ ìtọ̀ èèyàn di dúdú pa ọkọ náà. Ìyàwó di opó, ó ṣì wà lọ́mọdébìnrin.

Ẹlòmíràn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ní ìlú onílùú, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Sylvia ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Upton Ruxton, náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba lÓkè Ọya, èyí sì jẹ́ kó rí ibi dúró sí. Ó kọ́ èdè Fúlàní dé bi pé ó kọ ìwé gírámà rẹ̀ jáde. Òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ kọ ìwé oúnjẹ sísè, kí àwọn òyìnbó tó ń gbé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè mọ bí wọ́n á ṣe lo ohun tó wà lọ́jà wa. Ní 1925 ìjọba fi í ṣe alábòójútó ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò dìde sí ìjọba ní 1929 nítorí ọ̀rọ̀ owó orí, òun wà lára àwọn tó lọ gbé ní àárín wọn ní nǹkan bí ọdún 1934 sí 1937, láti mọ ohun tó wà nínú wọn. Ìwé tó kọ nípa àwọn obìnrin náà jáde ní 1939.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Jos. Mùsíọ́mù Jos ṣílẹ̀kùn ní 1952. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bernard Fagg ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tó fa mùsíọ́mù wá sí Jos, dípò kó lọ sí ìlú ńlá míì, ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Tin, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀ ni ère amọ̀ ń bá a jáde. Ère ilẹ̀ Nok nìyẹn, èyí tó ti lé ní 2000 ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Nǹkan bí ọdún 1943 ni wọ́n gbẹ́ orí ère kan jáde lẹ́bàá Jema'a. Akọ̀wé kan níbi ìwakùsà náà gbé e lọ sóko iṣu rẹ̀, ó gbé e ka orí igi kó máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Orí yẹn dúró sóko fún bí ọdún kan, nínú òjò, nínú oòrùn, kí ẹnìkan tó mójú tó o kó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Fagg. Lónìí, gbogbo ayé ló mọ orí yẹn. Akọ̀wé náà ò ṣe é láìdaa o. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níye lórí ni. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Inú mùsíọ́mù yìí ni màmá Leith-Ross wá ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń mu tíì létí iná nílùú wọn. Kò wá wúrà, kò wá idẹ, kò wá adé ọba kankan. Ìkòkò ni, èyí tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ara wọn mọ: ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò omi, ìkòkò ọtí, ìkòkò ìbọ. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn wọlé ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìlú wo ló ti wá, ẹ̀yà wo ló mọ ọ́n, kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní 1970, ìwé tó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá náà ti pé ẹni 85 ọdún nígbà yẹn. Ẹ gbọ́ o, ẹni ọdún 85! Àwa tí a jẹ́ ẹni 50 lónìí, a ti ń sọ pé ó ti rẹ̀ wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkòkò? A rò pé ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà yẹn gan-an ni ìkòkò ń lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá yín. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àmù ló wà ní igun ilé, omi inú rẹ̀ tutù láìsí fíríìjì. Ìṣaasùn la fi ń se ọbẹ̀, agbada amọ̀ la fi ń dín nǹkan tàbí yan gàrí, orù la fi ń pọnmi, ajere tó ní ihò lára la fi ń yan ẹja. Lẹ́yìn náà ni abọ́ tánńganran dé, tó ní òdòdó lára, tí ìyàwó tuntun ń tò sí yàrá kí àlejò lè rí i. Lẹ́yìn tánńganran ni ìkòkò alumí dé, tí kì í fọ́. Lẹ́yìn alumí ni ike. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi, nítorí ta ló fẹ́ ru ìkòkò amọ̀ gun òkè Jos nígbà tí kẹ́ẹ̀gì wà? Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá lọ, orúkọ rẹ̀ ń bá a lọ. Ẹ pe ọmọ ọdún 15 kan jókòó nílé yín lálẹ́ òní, ẹ bi í ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín orù àti àmù. Á wò yín lójú, á ní, "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Àwọn kan á tiẹ̀ fi Hausa dá yín lóhùn.

Ìyá yìí rí i pé ohun tí gbogbo èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń tètè gbàgbé. Ère ọba, àwọn kan á tọ́jú rẹ̀. Ìkòkò ìyá olóúnjẹ, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wa lónìí wà nínú ìbéèrè yẹn.

Yàtọ̀ sí ìwé ìkòkò, ìyá náà kọ ìrántí ara rẹ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ dé ní 1907 títí di ọdún òmìnira, 1960. Ó kú ní 1980, ó ti lé ní ẹni 90 ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan, Michael Crowder, ló to ìwé náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Orúkọ rẹ̀ ni Stepping Stones. Ẹ rò ó wò: ẹni tó dé nígbà tí wọ́n ṣì ń ru ẹrù òyìnbó lórí láti odò dé ìlú, tó sì pẹ́ láyé títí ó fi rí bàálù, tó rí òmìnira. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ló rí gbogbo rẹ̀. Tí kò bá kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n sin ín náà ni gbogbo rẹ̀ ì bá wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ibi tí èèyàn bá jókòó sí ló ti ń wòran. Òyìnbó ni, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni, òun fúnra rẹ̀ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba yẹn. Bó ti wù kó fẹ́ràn ilẹ̀ yìí tó, ojú fèrèsé tirẹ̀ ló ti wò ó. Ẹ wo Zungeru ọdún 1907. A mọ orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ń bójú tó ìkẹ́rù. Àwọn tó fi orí ru ẹrù náà ńkọ́? Ta ni wọ́n, ìlú wo ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n ń sọ fún ara wọn lálẹ́ tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Kò sí ìwé wọn. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà. Ìtàn tirẹ̀ ló kọ. Àwọn tó ru ẹrù kò rí ẹni bá wọn kọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ layé ṣe rí: ẹni tó bá kọ nǹkan sílẹ̀ ni ayé ń rántí, ẹni tí kò bá kọ, àfi tí ẹlòmíràn bá mẹ́nu bà á.

Ó wá kan àwa náà o. Ìtàn àwa Yorùbá ní Jos kì í ṣe ìtàn àná. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Niger Company rán òyìnbó Laws wá wo ọ̀rọ̀ tin ní nǹkan bí ọdún 1902 sí 1903, Jos kò tíì di ìlú ńlá. Tin ló sọ ọ́ di ìlú. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá sÓkè Ọya. Láti Zaria, wọ́n la rélùwéè kékeré kan tó ń gun òkè bọ̀ wá síbí. Ó dé Bukuru ní 1914. Ní 1927, ìlà ńlá láti Kafanchan wọ Jos, ó sì so wá pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Rélùwéè kékeré yẹn ṣiṣẹ́ títí di 1957 kí wọ́n tó pa á tì. Nígbà tí ẹ bá ní kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ gbé yín lọ sí Terminus, ẹ máa rántí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin lẹ ń sọ yẹn.

Ọ̀nà irin yìí làwọn bàbá wa gbà wá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú. Àwọn kan jẹ́ akọ̀wé rélùwéè àti ti ìwakùsà, àwọn kan jẹ́ kápẹ́ńtà, télọ̀, agbẹ́gilódò, olùkọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ni oníṣòwò: aláṣọ, olóbì, oníworobo. Àwọn ìyá wa sì ń ta oúnjẹ, wọ́n ń ta elùbọ́ àti epo fún àwọn ọmọ ìlú wọn tí ẹnu wọn ò gba tùwó. Níbi tí Yorùbá mẹ́wàá bá wà, ẹgbẹ́ ìlú ti wà níbẹ̀. Níbi tí ogún bá wà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìjọ Onítẹ̀bọmi lÓkè Ọya mọ̀ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wá nínú ẹrù ọjà wọn, kì í ṣe òyìnbó. Àwọn onílẹ̀, Berom, Anaguta àti Afizere, gbà wá, a bá wọn gbé, a bá wọn ṣòwò, a fẹ́ra.

Lọ́jọ́ òní, àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbí ti di arúgbó. Nígbà tí àgbà kan bá kú, a máa ń ṣe òkú tó lárinrin, a ó dá aṣọ, a ó pe onílù. Ìwé ìsìnkú á jáde, a ó kọ síbẹ̀ pé "Bàbá wá sí Jos láti wá ìgbésí ayé tó dára." Ó parí. Bàbá gbé Jos fún 60 ọdún, ìlà kan ṣoṣo la kọ nípa rẹ̀. Ọdún wo ló dé? Ta ló gbà á sílé? Èló ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò? Kí ló rí ní 1966? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Èyí tó tún ń dùn wá ni pé díẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀ náà ò ní ibi ìpamọ́ tó dájú. Jos ti rí nǹkan. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, oṣù Kọkànlá ọdún 2008, oṣù Kìíní ọdún 2010: a ò ní ká tún máa ka ọgbẹ́ yẹn lẹ́sẹẹsẹ lónìí, olúkúlùkù mọ ohun tó pàdánù. Ní 2002, ọjà ńlá wa ní Terminus jóná, òwò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún di eérú. Tí a bá ń ka àdánù, ẹ̀mí la kọ́kọ́ ń kà, lẹ́yìn náà ilé, ọjà, ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka àpótí ìyá àgbà tó jóná pẹ̀lú fọ́tò inú rẹ̀, ìwé ìyáwó-owó ẹgbẹ́, ìwé owó orí bàbá, lẹ́tà tí wọ́n kọ láti Ọ̀fà ní 1948. Ilé, a lè tún un kọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá bàbá wa yà, tó bá jóná, ó tán nìyẹn.

Àwọn ẹlòmíràn ti gbìyànjú láti kọ nípa wa o. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Leonard Plotnicov, wá sí Jos níbí, ó sì kọ ìwé tó jáde ní 1967 nípa ìgbésí ayé àwọn èèyàn oríṣiríṣi ẹ̀yà tó ṣí wá síbí. Ní ti Gánà, a gbọ́ bí ìjọba Busia ṣe lé àwọn àlejò ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, J. S. Eades, ló kọ ìwé ńlá nípa àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà, ó jáde ní 1993. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kò lè mọ orúkọ tí màmá wa ń pe àmù rẹ̀. Ìyẹn kù sọ́wọ́ àwa tí a jẹ nínú ìkòkò náà.

Ẹ má sọ pé Yorùbá kò lẹ́mìí ìwé kíkọ. Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson. Ó kó ìtàn Yorùbá jọ lẹ́nu àwọn àgbà, lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó parí rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, ọkọ̀ náà sì bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ìwé náà jáde ní 1921. Obadiah náà ti kú ní 1920. Ẹni méjì kọ ìwé kan, kò sí èyí tó rí i nígbà tó jáde, àmọ́ títí dòní, òun la fi ń yanjú ọ̀rọ̀ tí àríyànjiyàn bá dé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èkejì, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí lóde òní? Ó kàn wá gidi. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n bí bàbá wọn náà síbí, tí wọ́n bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí gbaṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní, "Ìlú wo lo ti wá gan-an?" Tí wọ́n bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọdún, àwọn ìbátan wọn á ní, "Ẹ káàbọ̀, ará Jos." Níbí, àlejò, lọ́hùn-ún, àlejò. Ọmọ tí kò bá ní ìtàn tó lè dì mú, ibi kíbi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ sí ló ń lọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé bàbá bàbá òun dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin báyìí, pé ẹni báyìí ló fún un ní yàrá àkọ́kọ́, pé ìyá rẹ̀ àgbà ló bẹ̀rẹ̀ ọjà níbi báyìí, ọmọ yẹn mọ ibi tí òun dúró. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà du ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àná ni wọ́n dé. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún wa. Kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó o ṣe. Ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ilé, lọ́sàn-án tí ara wọn bá dá, ẹ tan fóònù kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè kéékèèké bẹ̀rẹ̀:

1. Ìlú wo, agboolé wo ni wọ́n ti wá? Ọdún wo ni wọ́n dé Jos, tàbí kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí wọ́n dé?
2. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wá? Ọkọ̀ ojú irin ni tàbí mọ́tò? Ta ló pè wọ́n wá?
3. Ilé wo ni wọ́n kọ́kọ́ sùn sí, ta sì ni onílé? Ẹ̀yà wo ni onílé náà?
4. Iṣẹ́ wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀? Kí ni wọ́n ń tà, èló ni wọ́n ń tà á?
5. Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n fi ń sè é? Orúkọ gbogbo ohun èlò inú ilé ìdáná wọn ńkọ́?
6. Ẹgbẹ́ wo, ìjọ wo tàbí mọ́sáláṣí wo ni wọ́n wà? Ta ni olórí nígbà yẹn?
7. Tí ìlú bá dàrú, ta ló fi wọ́n pamọ́, ta sì ni àwọn náà fi pamọ́?

Ìbéèrè keje yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ẹni ló wà láàyè lónìí torí pé aládùúgbò tí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sínú ilé tirẹ̀. Bí a kò bá kọ ìyẹn sílẹ̀, kìkì ọ̀rọ̀ ìjà ni àwọn ọmọ wa máa jogún.

Ẹ ya fọ́tò àtijọ́ pẹ̀lú fóònù, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó lọ. Ìwé rélùwéè, ìwé ìbí, káàdì ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀, ẹ ya gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ síbí, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà lókè òkun, kó má baà ṣe yín bíi ti Johnson. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó gbé ohùn wọn síta. Ọ̀rọ̀ àṣírí ìdílé, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má gbé e síbí. Bí àgbà bá sì sọ pé, "Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Kò ṣe pàtàkì," ẹ rántí orí ère tó dúró sóko iṣu. Ohun tí àgbà pè ní ọ̀rọ̀ lásán lè jẹ́ òun gan-an ni ọmọ-ọmọ á máa wá kiri ní ọdún 50 sí àsìkò yìí.

Ìyá òyìnbó yẹn ò bímọ kankan sílẹ̀ yìí. Kò sí agboolé tó ń retí rẹ̀ ní Jos. Síbẹ̀, ó lo agbára ìgbà ogbó rẹ̀ láti tọ́jú ìkòkò tí ìyá onílẹ̀ mọ. Àwa ńkọ́, tí ìkòkò náà jẹ́ ti ìyá tó bí wa?

A ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ohun mẹ́ta péré sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: ìlú tí ìdílé yín ti wá, ọdún tí ẹni àkọ́kọ́ nínú yín dé Jos, àti iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó pe bàbá tàbí màmá lórí fóònù lálẹ́ yìí kó bi wọ́n. Tí bàbá àti màmá bá ti lọ, kó pe àbúrò wọn, tàbí ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́. A ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó tò ó ní ìlú-ìlú, a ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn àgbà wa pẹ́ fún wa, kí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn má bà wọ́n lọ.